Olùkọ́ Tó Gbé Ìjóná Pamọ́

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní iṣẹ́ iná. Kì í ṣe iná orí òpó. Iná wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tí ń tàn pupa lára ẹ̀rọ láti sọ fúnni pé nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. LED ni wọ́n ń pè é. Kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n so yóò rí i pé hóró àgbàdo náà lè dójú tini.

Ojú kọ̀ǹpútà ni ọkùnrin yìí ti ń kọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ní nínú gbọ̀ngán kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá, méjì méjì sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ń ṣe bí ẹni pé bátìrì wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, gílóòbù LED wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fa ọ̀kan wá, yóò fa èkejì wá, yóò so wọ́n pọ̀. Bó bá so ó dáadáa, gílóòbù yóò tàn. Bó bá so ó gbòdì, kò ní tàn. Bí agbára bátìrì bá sì pọ̀ ju ohun tí gílóòbù lè gbà lọ, gílóòbù náà yóò ta pàrà, yóò dúdú, èéfín díẹ̀ yóò yọ lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ọwọ́ tó jó. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn pa á rẹ́, yóò tún un so. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ẹni tó ṣe ètò náà lo orí rẹ̀.

Obìnrin onídìrí kan wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi dúró lẹ́yìn orí àwọn obìnrin, ẹ̀yìn ara rẹ̀ sì ti ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Dókítà wo àwòrán eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí, ó ní bó bá tún fi ọdún méjì dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe.

Ó gbọ́ pé ìyá kan tó ní oko adìẹ ńlá ń wá èèyàn mẹ́ta. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣe iná ìkìlọ̀ sára àwọn ẹ̀rọ tí ń bá adìẹ sàba, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí ooru bá ti ń lọ lórí ẹyin, iná pupa yóò tàn, ẹni tó wà nítòsí yóò sáré wá. Bí iná náà kò bá tàn, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀, gbogbo ẹyin inú ẹ̀rọ yóò kú sínú èèpo. Ìyá olóko ní láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin yìí lòun yóò ti mú àwọn mẹ́ta náà, bí oṣù mẹ́ta bá pé. Ìdí tí onídìrí fi wá nìyẹn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gbé ìwé.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ rí i lọ́nà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa, ṣé ẹnjiníà lẹ fẹ́ dà báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún iná àdúgbò ṣe o.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ni onídìrí dá a lóhùn. “Tilé yín ni màá kọ́kọ́ gé.”

Lọ́sẹ̀ kìíní, gílóòbù ń jó lọ́tùn-ún lósì. Onídìrí nìkan jó mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ń kà wọ́n. Nígbà tó jó ìkọkànlá, ó nawọ́ sókè, ó béèrè ìdí rẹ̀, olùkọ́ náà sì dá a lóhùn bí olùkọ́ gidi. Ó fi ohun kékeré kan hàn wọ́n tí wọ́n ń pè ní rẹ̀sísítọ̀. Ó ní òun ló ń dá agbára bátìrì lẹ́kun kó tó dé ara gílóòbù, pé ẹni tó bá so gílóòbù mọ́ bátìrì láìfi í sáàárín, ó ti pa gílóòbù náà. Onídìrí gbọ́ ọ lọ́nà iṣẹ́ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé èèyàn máa ń fi ọwọ́ kan di ìdí irun mú kó tó fa kóòmù wọ̀ ọ́, kí fífà náà má baà dé awọ orí. Ó ní, “Áà, ó ti yé mi.” Lọ́jọ́ kejì, mẹ́ta péré ló jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹyọ kan kò jó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sì wá a. Ó ń mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí nǹkan jó mọ́ àwọn lọ́wọ́ rárá. Ọkùnrin kan wà tó ti jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ńlá rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jó mẹ́sàn-án, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun kò wá síbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà máa tú èéfín sí òun lójú. Àwọn obìnrin méjì lọ jẹun ọ̀sán, wọn kò padà. Olùkọ́ wo àga tó ṣófo. Ó rò ó pé ìyá olóko ń bọ̀ wá wo kíláàsì òun, pé bó bá bá a lófìfo, ta ni yóò pe òun ní olùkọ́?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ sílé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún ètò náà tò. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí gílóòbù máa jó bí agbára bá pọ̀ jù. Àmì kan wà nínú àpótí náà. Ó yọ àmì náà kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó jó mọ́. So ó bó o ṣe fẹ́, á tàn. Gbé bátìrì mẹ́wàá lé gílóòbù kan lórí, á tàn ni, á máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì gbọ́ pé ó ti rọrùn, ó padà wá. Àwọn obìnrin méjì náà padà. Kíláàsì kún. Olùkọ́ wá dá àṣà kan sílẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, yóò fi ẹ̀rọ gbé iṣẹ́ gbogbo wọn sára ògiri, orúkọ kálukú lábẹ́ tirẹ̀, ẹni tí iná rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún.

Ti onídìrí ló máa ń ṣú jù. Òun nìkan ló ṣì ń fi rẹ̀sísítọ̀ sí i, ohun tó bá sì dá agbára lẹ́kun yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo bó ṣe yẹ kó rí?

“Ìyá Onídìrí,” ni ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì wí lọ́jọ́ Ẹtì kan, “ṣé epo pupa lẹ fi ń tan tiyín ni?”

Gbogbo gbọ̀ngán dàrú fún ẹ̀rín. Olùkọ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ jẹ́ kó tàn,” ló ní. “Ẹ má ṣahun iná mọ́. Ta lẹ ń tọ́jú ẹ̀ dè?”

Onídìrí kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́.

“Ọ̀gá, ẹ dákun. Lọ́sẹ̀ kìíní, bí mi ò bá fi nǹkan yìí sí i, ó máa ń jó. Mo yọ ọ́ láàárọ̀ yìí, kò jó. Kí ló yí padà?”

Olùkọ́ lè dáhùn ìbéèrè náà. Ẹnu lásán ni yóò fi dáhùn rẹ̀, gbólóhùn kan péré: èmi ni mo yọ àmì ìjóná kúrò. Ó wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kún gbọ̀ngán. Ó wo ògiri tó ń tàn.

“Ẹ̀yin lẹ yí padà, Màmá,” ló ní. “Ẹ ti mọ iṣẹ́.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún onídìrí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Irọ́ tó korò, èèyàn á tutọ́ rẹ̀ dànù. Irọ́ tó dùn ni ọ̀dájú, torí ẹni tí wọ́n pa á fún á gbé e mì, á tún pọ́n ẹnu lá. Obìnrin náà mọ̀ pé ohun kan ń rùn. Ẹ má ṣe jẹ́ ká dá a láre tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí orí ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un rí bí kò ṣe kí wọ́n ní ó fa irun jù, àtẹ́wọ́ pa á bí ọtí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, kò fi rẹ̀sísítọ̀ sí i. Iná tirẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù lára ògiri. Ó gba iwájú ilé àbúrò ọkọ rẹ̀ kọjá lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn.

Oṣù mẹ́ta pé. Ìyá olóko dé, òun àti ẹnjiníà rẹ̀, bàbá kan tó ní ewú, tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olùkọ́ ti wọ kóòtù. Ó ti gbé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sára ògiri, pupa àti àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, bí ọjọ́ ọdún. Ìyá olóko wò ó títí.

“Ó rẹwà,” ló ní. “Àmọ́ ẹyin mi ò sí lára ògiri.”

Ó ní kí ẹnjiníà tú páálí rẹ̀. Bátìrì alùpùpù mẹ́rin ló kó jáde, wáyà, gílóòbù LED pupa nínú abọ́ kan, rẹ̀sísítọ̀ nínú abọ́ kejì. Ó tò wọ́n sórí tábìlì.

“Kí kálukú tan iná kan fún mi,” ni ìyá olóko wí. “Ẹyọ kan péré. Àwọn mẹ́ta tó bá ṣe é dáadáa jù, kí wọ́n wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.”

Wọ́n sáré síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo abọ́ kejì. Ọwọ́ onídìrí yá ju tiwọn lọ, ìka tó ti di irun wẹ́wẹ́ láti ìgbà èwe kì í jẹ́ kí wáyà bọ́. Bó ti ń nawọ́ mú wáyà, ìka rẹ̀ kan rẹ̀sísítọ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rín gbọ̀ngán yẹn létí rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ó so gílóòbù mọ́ bátìrì.

Iná náà tàn. Kò rí iná LED tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tàn níwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú, ó ní pó! Òórùn bí ìgbà tí ike bá jó gba imú rẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, pó! Lọ́wọ́ òsì rẹ̀, pó, pó! Bí gúgúrú nínú ìkòkò. Àfọ́kù kan fò, ó ba gíláàsì ojú ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin náà kígbe bí ọmọdé. Nígbà tí ariwo dá, iná méjìlá ti kú lórí tábìlì, kò sí ẹyọ kan tó ń tàn àfi àwọn tó wà lára ògiri.

Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ lahùn, ó kọjú sí ìyá olóko. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

“Alhájà, ẹ má bínú. Mo kọ́ wọn. Ọlọ́run ń gbọ́, láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti fi rẹ̀sísítọ̀ hàn wọ́n. Olóríkunkun ni wọ́n. Àgbàlagbà kì í gbẹ̀kọ́.”

Ohun tó ta onídìrí bí oró àkekèé ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó fi hàn wọ́n lóòótọ́. Ó fi ojú ọ̀nà hàn wọ́n, ó wá gbé àtùpà sẹ́nu kòtò, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá gba ibẹ̀. Obìnrin náà dìde.

“Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Ọ̀gá wa so ó lójú kọ̀ǹpútà. Bí a ṣe so ó yìí gan-an. Ẹ wò ó bóyá á jó.”

“Màmá, ẹ jókòó,” ni olùkọ́ wí.

“Oṣù mẹ́ta ni mo ti jókòó. N ò jókòó mọ́.”

Olùkọ́ kò mira. Ẹnjiníà ni ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fa bátìrì wá, ó fa gílóòbù wá, ó so wọ́n pọ̀ lásán. Gílóòbù náà tàn lára ògiri, ó ń dán, kò ta, kò dúdú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ayọ̀ nínú. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún ètò náà tò. Ó rí àpótí náà. Ó ní, “Ẹnì kan ti yọ èyí,” ó sì dá àmì náà padà. Ó wá ṣí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n fi ń gba àtẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tàn, ó ta, ó dúdú. Èkejì tàn, ó ta, ó dúdú. Orúkọ kálukú wà lábẹ́ èéfín tirẹ̀. Ti onídìrí ló jó gbẹ̀yìn. Kò gbé ojú kúrò níbẹ̀.

“Ta ló yọ ọ́?” ni ìyá olóko béèrè.

Olùkọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. “Alhájà, inú rere ni mo fi ṣe é. Ọkàn wọn ń rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ń sá lọ. Mo fẹ́ kí ara tù wọ́n.”

“Inú rere?” Onídìrí nàka sí tábìlì. “Ẹ dáàbò bò wá níbi tí kò sí ohun tó lè ṣe wá. Ẹ wá tú wa síta níbi tó ti lè ṣe wá. Mo bi yín léèrè, Ọ̀gá. Lójú gbogbo àwọn wọ̀nyí, mo bi yín ohun tó yí padà. Ẹ ní èmi ni. Bí ẹ bá sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi mí rín, ṣùgbọ́n ǹ bá mọ iṣẹ́ mi lónìí!”

Ìyá olóko gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ejìká obìnrin náà.

“Ìyá, mo gbọ́ yín. Ẹ̀bi yín kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tí ọwọ́ yín kan abọ́ kejì, mo sì rí i nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹyin mi ò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kíkú ni wọ́n mọ̀.”

Kò mú ẹnì kankan. Ẹnjiníà kó bátìrì rẹ̀ sínú páálí, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, onídìrí ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọ̀já di ẹ̀yìn rẹ̀ gírígírí, ó dúró sẹ́yìn orí ẹni àkọ́kọ́. Olùkọ́ náà ńkọ́? Ó ti kó akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn jọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ọ̀yàn, pé kì í bá ẹnikẹ́ni wí.

Ìwọ tí o jókòó tí ò ń gbọ́, tí o ti ń mi orí sí olùkọ́ yẹn láti ẹ̀ẹ̀kan, dúró ná. Ọmọṣẹ́ rẹ gé aṣọ oníbàárà kúrú, ìwọ lo jókòó tún un rán lẹ́yìn rẹ̀, o ní ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́. Àbúrò rẹ ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, o ní kó jáde níwájú ìjọ, o ní ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ gbá ìyàwó rẹ̀ létí, o bá ìyàwó sọ̀rọ̀ ìfaradà, o fún ọmọ lóúnjẹ. O pè é ní ìfẹ́. O pè é ní sùúrù. Irọ́ ni. Ojú ara rẹ lò ń bò. Ilé tó kún lo fẹ́, àtẹ́wọ́ lo fẹ́, o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fajú ro sí ọ. Nígbà tí ayé bá wá bá ẹni náà wí lójú agbo, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ nàka sí i: mo kọ́ ọ, kò gbọ́ ni!

Ìwọ kejì tí ò ń rẹ́rìn-ín, ìwọ tí o mọ ohun tó tọ́ tí o sì fi í sílẹ̀ torí kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ náà gbọ́ tìrẹ. Àwọn tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín kò ní bá ọ gbé ìrora ẹ̀yìn.

Ẹnì kan wà nílé rẹ tí ò ń tàn jẹ báyìí. O mọ orúkọ rẹ̀. Dìde lọ bá a lónìí, kí o sọ ọ́ fún un lójúkojú. Yóò sunkún. Jẹ́ kó sun ún lọ́dọ̀ rẹ, níbi tó ti jẹ́ pé ẹkún lásán ni.